Orúkọ Tí Mo Sọ Ọmọ Ọlọ́mọ Lọ́jọ́ Kìn-ín-ní

Ọ̀rányàn, Ìbàdàn,
Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú.

Fọláṣadé, Àníkẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Ara mi le, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí náà ti fúyẹ́ díẹ̀. Ibi tí ìkíni mọ nìyẹn, nítorí inú ń bí mi, n kò sì fẹ́ fi ẹ̀rín bo ìbínú mọ́lẹ̀ nínú ìwé tí mò ń fi ọwọ́ ara mi kọ. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́, o óò ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀," ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í dá ọ̀rọ̀ mọ́ ìwé lẹ́nu. Jókòó, kí o kà á dé ìparí.

Lọ́jọ́ Àìkú tí ẹ wá kí mi, o ní ìjọba ti fún ọ ní iṣẹ́ tíṣà, pé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́bàá Bẹẹrẹ ni wọ́n gbé ọ lọ, àti pé ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni o óò kọ́kọ́ dúró níwájú kíláàsì, Pámárì Kẹta. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọwọ́ mi kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí o fi fajú ro. O ní, "Mọ́mì, ẹ má tíì máa dúpẹ́. Ẹ ò rí ibi tí wọ́n jù mí sí? Àárín àwọn ọmọ agbo ilé, àwọn ọ̀tá ìwé."

N kò fèsì nígbà náà torí pé ọkọ rẹ jókòó síbẹ̀. Mò ń fèsì báyìí. Ọmọ agbo ilé wo? Níbo ni wọ́n bí ìwọ sí? Ṣé kì í ṣe inú agbo ilé bàbá rẹ ní Ọ̀rányàn níbí? Ìyá Lámídì aládùúgbò wa, tó máa ń wẹ̀ ọ́, tó máa ń pọ̀n ọ́ títí n óò fi dé láti ibi iṣẹ́, ṣé ó mọ A yàtọ̀ sí B? Ẹ̀yìn rẹ̀ lo ti mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ọdún mẹ́ta péré tí o gbé ní Bódìjà, o ti ń fi imú júwe wa. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, ó sì ká mi lára gan-an.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìyẹn ló gbé bíírò lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí ẹ ti lọ, mò ń gbálẹ̀, mo rí ìwé kan tó já bọ́ nínú báàgì rẹ sábẹ́ àga. Mo rò pé ìwé oògùn ni, mo bá ṣí i. Tíṣà tó ń fi kíláàsì náà sílẹ̀ ló kọ ọ́ fún ọ. Orúkọ àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀, èèbù ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ṣàkírù, olódo, má fi àkókò rẹ ṣòfò. Bọ̀sẹ̀, apẹ́lẹ́yìn, oníjà ni ìyá rẹ̀. Rọ́ṣídì, ṣọ́ báàgì rẹ. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ ìwé. Bí ó bá jẹ́ èèbù tíṣà yẹn nìkan ni mo rí, ǹ bá fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mo rí bíírò pupa. O fi àmì sí orúkọ márùn-ún, o sì fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ọjọ́ kìn-ín-ní, mú ọ̀kan nínú àwọn yìí fi ṣe àpẹẹrẹ."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n, Fọláṣadé. O kò tíì rí wọn rí. O kò mọ èyí tó dúdú, o kò mọ èyí tó pupa, o ti ń yan èyí tí o óò tẹ́ nínú wọn.

Mo ti ya ìwé náà sí wẹ́wẹ́. Má wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bí o bá fẹ́ mọ orúkọ àwọn ọmọ, rẹ́jísítà wà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé, kò sì sí èèbù nínú rẹ̀.

Mo ní kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú jù. Ohun tí o fẹ́ ṣe yìí, èmi ìyá rẹ ti ṣe é rí. N kò sọ fún ọ rí. N kò sọ fún bàbá rẹ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ilé ìwé kan nísàlẹ̀ òkè Màpó ni wọ́n fún mi, Pámárì Kejì. O mọ̀ pé olórí ìjọ ni bàbá mi, inú ìwé ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti gbà lọ́kàn pé àwọn ọmọ tí n óò bá níbẹ̀ kò lè mọ̀ ju kéú àti ìpolówó ọjà lọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi múra. Mo rán búláòsì funfun, mo lọ̀ ọ́ títí ó fi dúró bíi páálí. Mo ra bàtà tó ń dún kò-kò-kò lórí sìmẹ́ńtì, kí wọ́n lè máa gbọ́ pé mò ń bọ̀. Mo kọ lẹ́sìn nóòtì tó kún ojú ewé mẹ́rin. Mo dúró níwájú dígí, mò ń fojú le. Gbogbo nǹkan ni mo múra sílẹ̀ fún, àfi àwọn ọmọ.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ Pámárì Kẹrin. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní, "Àǹtí, bí ẹ bá ti wọlé báyìí, ẹ mú ẹnì kan. Bí ẹ bá ti tẹ́ ọ̀kan, àwọn tó kù á gbọ́ràn sí yín lẹ́nu." Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi tí mo kàwé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo wọlé. Gbogbo wọn dìde, wọ́n kí mi. Mo wò yí ká. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn pátápátá, ó fi orí àti èjìká ga ju àwọn tó kù lọ. Ó ti tó ọmọ ọdún mọ́kànlá láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà méje. Yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ti kéré jù, ó ń fi ọwọ́ fa etí aṣọ náà sísàlẹ̀ kí ó lè bo orúnkún. Mo na ìka sí i.

Mo ní, "Ìwọ tó o ga bí òpó iná yẹn, ọmọ rẹ lo mú wá ni?"

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Rárá, mà. Mo wá kàwé ni."

Ǹ bá dúró níbẹ̀. Ìdáhùn ọmọlúàbí ni ó fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn ọmọ yẹn ti wọ̀ mí lára, ó ń dùn mọ́ mi. Mo ní, "O wá kàwé. Ẹ gbọ́, gbogbo kíláàsì, Ìyá Àgbà wá kàwé."

Kíláàsì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ọmọ náà jókòó. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó pariwo mọ́. Mo padà sílé, mo sọ fún ìyá mi pé mo ti mú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ ọ́: mo ti mú wọn.

Mọ́ríyámọ̀ ni orúkọ ọmọ yẹn, àmọ́ láti ọjọ́ náà lọ kò sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá jáde lọ ṣeré, àwọn ọmọ á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyá Àgbà, ẹ kú ilé o, ọmọ-ọmọ yín ńkọ́?" Mo rí wọn láti ojú fèrèsé. Èmi àti tíṣà kan jọ rẹ́rìn-ín sí i ni. Nígbà tó yá, mo pe orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ọjọ́ kejì, kò dáhùn. Bẹ́yẹrunkà ni ilé wọn, ìrìn tí kò tó kí ènìyàn gbàdúrà Olúwa nígbà mẹ́ta. N kò lọ. Mo fa ìlà sí orúkọ rẹ̀, mo kọ ọ́ pé ó ti kúrò, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni èmi wò?

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí, kì í sì í ṣe ẹ̀bẹ̀. O kò gbọdọ̀ sọ ọmọkọ́mọ lórúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ kò sọ ọ́. Kì í ṣe lọ́jọ́ kìn-ín-ní, kì í ṣe lọ́jọ́ ìkẹyìn, kì í ṣe nínú ẹ̀fẹ̀. Ìwọ á sọ ọ́ tán, o óò gbàgbé. Ẹyin lohùn, ẹni tó jù ú kọ́ ni yóò máa kó èèpo rẹ̀ lára.

Ìkejì ni pé bí ọmọ kan bá yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bí ó bá dàgbà jù wọ́n, bí ó bá pẹ́, bí ó bá dákẹ́ jù, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè ìdí. Èmi kò béèrè. Ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ Mọ́ríyámọ̀ ìbá gbọ́ ohun tí èmi kò gbọ́ títí irun orí mi fi funfun.

Lọ́dún tó kọjá ni mo tó gbọ́ ọ. Mo mú aṣọ òfì kan tó jẹ́ ti ìyá mi lọ sí Ọ̀jé, nítorí etí rẹ̀ ti ń tú, mo sì ń wá òwú tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu. Wọ́n júwe ìsọ̀ kan fún mi, wọ́n ní, "Ẹ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, òwú tí kò bá sí níbẹ̀, kò sí lọ́jà." Mo dé ibẹ̀, mo bá obìnrin kan tó sanra, tó wé gèlè pupa, láàárín òwú oríṣiríṣi. Mo rò nínú ara mi pé obìnrin yìí kò dàgbà tó mi, kí ló dé tí wọ́n ń pè é ní Ìyá Àgbà? Mo ní, "Ẹ kú ọjà o." Mo tẹ́ aṣọ náà síwájú rẹ̀. Kò wo aṣọ. Ojú mi ló ń wò.

Ó ní, "Ẹ kú àtijọ́, Tíṣà. Ẹ ò dá mi mọ̀?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán mi létí."

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ mí lórúkọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo dúró fún ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo tilẹ̀ bi í pé ọdún wo ni wọ́n ṣe ìrìbọmi rẹ̀. Ó ní, "Mùsùlùmí ni mí, Tíṣà. Mọ́ríyámọ̀ ni mí. Pámárì Kejì, ìsàlẹ̀ Màpó. Ẹ ní Ìyá Àgbà wá kàwé."

Àníkẹ́, mo jókòó lórí àpótí tó wà níbẹ̀. Kò pariwo lé mi lórí. Ohùn tó fi ń ta òwú ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ìyá òun dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọdún mẹ́ta, òun lòun ń tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú. Ìdí tí òun kò fi tètè bẹ̀rẹ̀ ìwé nìyẹn, gíga òun ni wọ́n sì wò tí wọ́n fi gbé òun sí Pámárì Kejì tààrà. Ó ní bàbá òun fẹ́ kí òun lọ kọ́ṣẹ́, òun fi ọdún kan gbáko bẹ̀ ẹ́ kí ó tó gbà. Ó ní yunifọ́ọ̀mù yẹn, ti ọmọ aládùúgbò ni, wọ́n fi ta òun lọ́rẹ.

Ó ní, "Ọdún kan ni mo fi bẹ Bàbá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò nílé ìwé. Nígbà tí mo sọ pé mi ò lọ mọ́, Bàbá ní, 'Ṣé mo sọ fún ọ?' Mi ò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Ojú ń tì mí."

Mo bi í pé kí ló dé tí ó jẹ́ kí wọ́n ṣì máa pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì yẹn náà ló kó orúkọ náà wọ àdúgbò, wọ́n sì pè é títí ó fi lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó ní àwọn tó dé lẹ́yìn rò pé orúkọ ọ̀wọ̀ ni. "Kí ni mo fẹ́ máa ṣàlàyé fún wọn?"

Bí a ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni fóònù rẹ̀ dún. Ó wò ó, ó nà án sí mi. Ó ní, "Ẹ bá mi wo ohun tí wọ́n kọ. Ọmọ tó máa ń bá mi kà á ò sí nílé láti ìjẹta." Ọmọkùnrin rẹ̀ ló kọ̀wé ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, ó ní òun ti dé láyọ̀. Mo tún rí òmíràn lókè rẹ̀, ti ọjọ́ méjì ṣáájú, pé ọkọ̀ àwọn bàjẹ́ lọ́nà, kí ìyá òun má jáyà. Ìyá náà ti fi ọjọ́ méjì pè é tí ìpè kò wọlé, tí kò mọ̀ bóyá ọmọ òun kú tàbí ó yè, ìròyìn sì wà lápò ara rẹ̀. Èmi ni mo kà á fún un. Èmi, nínú gbogbo ènìyàn tó wà ní Ọ̀jé.

Mo kúnlẹ̀. Ó yára dìde, ó gbá mi lápá mú, ó ní, "Ẹ dìde, Tíṣà, ẹ má sọ mí di ẹni tí àgbà ń kúnlẹ̀ fún lójú ọjà." Mo ní kó foríjì mí. Ó ní, "Mo ti fi jì yín tipẹ́, nítorí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín pé ó ti tán. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá níwájú ilé ìwé, òdìkejì títì ni mo máa ń gbà." Mo ní bí ó bá fẹ́, n óò máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n óò kọ́ ọ ní ìwé. Ó ní, "Rárá, mà. Kì í ṣe ẹ̀yin." Ó mú òwú tó bá aṣọ mi mu, ó wé e, ó fún mi, mo lọ.

O rí i báyìí pé n kò bá ọ ṣeré.

Àwọn ìmọ̀ràn tó kù, n óò sọ wọ́n bí wọ́n bá ṣe wá sí mi lọ́kàn.

Lọ sí ilé ìwé náà lọ́jọ́ Ẹtì, kí àwọn ọmọ tó dé. Ka bẹ́ńṣì. Bí ọmọ bá pọ̀ ju bẹ́ńṣì lọ, ìwọ ni kí o mọ̀ ṣáájú wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ìnàró bẹ̀rẹ̀ ọdún. Kọ nǹkan sójú pátákó, kí o lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá, kí o wò ó bóyá o lè kà á. Tíṣà púpọ̀ ń fi ọdún mẹ́wàá kọ́ni láì jókòó lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn rí, wọ́n á wá máa pe ọmọ tí kò ríran ní olódo.

Kọ́ orúkọ wọn láti inú rẹ́jísítà kí ọjọ́ Ajé tó dé, kí o sì pè é dáadáa. Má yí ohùn orúkọ Mùsùlùmí padà nítorí pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ́. Bí o kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń pè é, ní kí ọmọ náà kọ́ ọ. Inú rẹ̀ á dùn pé ohun kan wà tí òun mọ̀ tí tíṣà kò mọ̀.

Má bi wọ́n léèrè iṣẹ́ bàbá wọn lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti kú wà níbẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ sá lọ wà níbẹ̀.

Bí o kò bá mọ nǹkan, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún kìn-ín-ní mi yẹn náà, ọmọ kan bi mí pé níbo ni omi Ògùnpa ń ṣàn lọ. N kò mọ̀. Mo ní ó ń lọ sínú odò Ọ̀ṣun. Ọmọ mìíràn ní bàbá òun sọ pé odò Ọ̀nà ló ń wọ̀. Mo ní kí ó kúnlẹ̀, kí ó na ọwọ́ sókè, nítorí pé ó ń já mi nírọ́. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá wa, ọmọ yẹn ló gbà á. N kò padà lọ sọ fún kíláàsì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Èmi rò pé ọwọ́ mi wọ gbogbo nǹkan.

Nípa pàṣán tí o ní o ti rà: fi sílẹ̀ nílé. Mo mọ̀ pé o óò ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin náà nà wá." Mo nà yín, n kò sì fi ṣe fáàrí. Ohun tí mo fi pàṣán kọ́ yín, ẹ ti gbàgbé gbogbo rẹ̀. Ìrora rẹ̀ nìkan lẹ ṣì ń rántí.

Bí àwọn tíṣà tó kù bá rọ̀gbà yí ọ ká tí wọ́n ń dárúkọ ọmọ tí kò ní ìrètí fún ọ, dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé o fẹ́ fi ojú ara rẹ rí i. Wọ́n á ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ojú rẹ̀ ń ríran jù.

Bí ọmọ kan bá sì pa ìwé tì, tí o pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí kò dáhùn, má ṣe fa ìlà kankan. Wọ bàtà rẹ, kí o lọ sílé wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Jókòó lórí ohunkóhun tí wọ́n bá gbé fún ọ, má fi imú júwe ilé ẹnikẹ́ni. Sọ fún wọn pé o wá wo ọmọ rẹ.

Mo ti kọ̀wé títí ọwọ́ ti ń ro mí, inú tó ń bí mi kò sì tíì rọ̀. N kò bínú nítorí pé o jẹ́ ènìyàn búburú. Mò ń bínú nítorí pé o kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àti pé ènìyàn tí kì í ṣe búburú náà lè fi ẹ̀rín ìṣẹ́jú kan ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, kí ó padà sílé, kí ó sì jẹun yó. Ọlọ́run á fún ọ ní sùúrù. Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ náà rí ojú rere rẹ kí wọ́n tó rí ìmọ̀ rẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, kí o tó lọ sílé, yà sọ́dọ̀ mi. Bẹẹrẹ kò jìnnà síbí. N kò ní bi ọ́ bóyá wọ́n bẹ̀rù rẹ. N óò bi ọ́ pé kí ni wọ́n sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí o bá ti fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ, má yà, máa lọ sọ́dọ̀ ọkọ rẹ tààrà. Kì í ṣe pé n óò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. N kò kàn ní lè wo ojú rẹ, nítorí ojú ara mi ni n óò máa rí níbẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá tó bí ọ.